Púlọ́ọ̀gì Wà Lápò Ìyèbíyè

Ìjì tó jà ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀n lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ojú odò ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé bíìnì ìdọ̀tí onílé yìí fún onílé tọ̀hún, ó ká páànù orí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n bí ẹni ń ká ẹní, ó sì ń súfèé lójú fèrèsé bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, igi ńlá inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ìyèbíyè ti wó. Ibi tó wó sí ló wá burú. Ó na gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀ka dí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe kí àwọn àgbàlagbà tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lè máa rí ọ̀nà wọlé.

Ilé tí wọ́n ń kó kápẹ́ẹ̀tì sí ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á, inú òórùn kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọrin. Ẹnu ọ̀nà tí kápẹ́ẹ̀tì ń gbà jáde nígbà náà lọ́hùn-ún ni èèyàn ń gbà wọlé báyìí, kò sì sí òmíràn àfi àtẹ̀gùn irin ẹ̀yìnkùlé, tí ẹni tí eékún ń dùn kò gbọdọ̀ dán wò. Ọjọ́ kejì sì ni ìdúpẹ́ àwọn àgbà ìjọ.

Ṣùpọ̀ ló tẹ Ìyèbíyè láago. Ṣùpọ̀ ni olórí àwọn tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, ọkùnrin kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Daddy gbọ́ o. Igi ti wó dí wa lọ́nà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rọra gbé ayùn oníná yẹn jáde ni."

"Ṣùpọ̀," Ìyèbíyè ní, "ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun. Orí tábìlì ni fóònù wà, ó sì ń pariwo fún gbogbo ilé."

"Háà! Daddy ńkọ́?"

"Daddy ń gbọ́ ẹ," ni Amos ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ìdí fèrèsé. "Igi wo ló wó?"

Ìdí fèrèsé yẹn ni Amos ti ń gbé látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lọ́dún tó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti padà, ó tiẹ̀ ti ń bá rédíò jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kò tíì délé tán. Á mú ife tíì, á gbà pé òun mú un dáadáa, ife á sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó mọ̀. Látìgbà náà, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà, ó ń ka bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n bí ní Òkè-Igbó. Bàbá rẹ̀ ń la gẹdú nínú igbó nígbà tí ọkùnrin méjì ń fa ayùn kan, ọ̀kan lórí igi, ọ̀kan nínú kòtò, tí ìyẹ̀fun igi ń dà sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú. Nígbà tí Amos dé Lọ́ńdọ̀n, ó kọ́kọ́ fọ abọ́, ó gbálẹ̀ ọ́fíìsì, kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gé igi ojú títì, tí àgbàlá iṣẹ́ wọn wà ní Belvedere. Ibẹ̀ ló ti gbó. Nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan fi àtàǹpàkò sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnìkan fi ojú kan sílẹ̀. Amos fẹ̀yìn tì pẹ̀lú gbogbo ìka rẹ̀, ó sì máa ń nà wọ́n han àlejò bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí hàn.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó ra ayùn oníná kan, torí pé ti onípẹtiróòlù wúwo, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ fún aládùúgbò. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn ló ti fi kọ́ Ìyèbíyè. Kì í ṣe pé ó jókòó kọ́ ọ. Ó kàn jẹ́ pé obìnrin náà ò lè rí iṣẹ́ kó dúró lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkó ẹ̀ka, ó bọ́ sí fífọ ayùn, nígbà tó yá ó ní kí Amos jẹ́ kí òun gé ìtì kan wò. Ó ti fi ogún ọdún gbé àwọn aláìsàn sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, apá rẹ̀ kì í ṣe apá eré. Ó gé ìtì yẹn. Ó tún gé òmíràn. Amos wo ojú ibi tó gé, ó ní, "Ó tẹ́jú." Ọ̀rọ̀ tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ìyèbíyè sì fi inú dídùn sùn lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ojú ìta ò rí èyí rí. Mummy kọ́áyà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí Ìyèbíyè nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ tán, Amos ti wà ní kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti fa bàtà iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń fi ọwọ́ òsì nìkan so okùn rẹ̀. Ìyèbíyè dúró, ó ń wò ó. Kò tíì rí i nínú bàtà yẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sọ́síbítù. Ọ̀rọ̀ méjì dé ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá ní kó má lọ, ìdí fèrèsé ló máa padà sí, bóyá kò sì ní dìde níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ní kó lọ gé igi, ayùn ò mọ ọwọ́ tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tó dá ṣáṣá. Ohun tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọkọ òun lọ kó sì bọ̀, ọwọ́ méjèèjì pé, orí sókè.

Ó kúnlẹ̀, ó bá a fa okùn bàtà kejì le. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ó ní.

Jéssíkà ọmọ wọn ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ. Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí Jéssíkà sí, ọ́fíìsì adójútòfò ló ń ṣiṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì ń sáré ju ọ̀wọ̀ rẹ̀ lọ.

"Daddy, o ò ní gé igi kankan o. Mo ti ń sọ fún ẹ."

"Ta lò ń bá sọ 'o'?" Ìyèbíyè ní láti ẹ̀yìn. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Sọ́rì. Daddy, ẹ ò ní gé igi kankan."

"Ó ti dáa báyìí," Amos ní. "Èmi náà ti gbọ́ ọ. Wa mọ́tò ẹ."

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Ṣùpọ̀ àti àwọn bùrọ̀dá kan ti yí igi náà ká, wọ́n ń tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Amos fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ kúrò níbẹ̀! Ṣé ẹ rí ẹ̀ka tó tẹ̀ sábẹ́ yẹn? Gbogbo ìwúwo igi ló jókòó lé e. Bó bá fò jáde, ẹsẹ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ bà?"

Wọ́n sún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n tún sún. Ó rọra yí igi náà po, ó wò bóyá wáyà iná kankan há sábẹ́ rẹ̀, ó wo ibi tó bá gbára lé, ibi tó bá ṣófo lábẹ́, ẹ̀ka tó tẹ̀, ẹ̀ka tó kàn sùn. Ọ̀pá rẹ̀ ni ó fi ń tọ́ka. Jéssíkà yọ fóònù, ó ya bàbá rẹ̀ ní fọ́tò.

"Daddy," Ṣùpọ̀ ní, "ẹ jẹ́ kí n gé e kíá. Kí ló wà níbẹ̀? Igi ṣáà ni."

Amos wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà dúdú ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni Ṣùpọ̀ wọ̀, tó ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. "Pẹ̀lú bàtà yìí? Ṣé o fẹ́ lọ gbé ìyàwó ni?"

Àwọn bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín. Amos gbé ayùn náà láti inú àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ iwájú mú, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ti ẹ̀yìn. Wọn ò tíì ki púlọ́ọ̀gì bọ ibì kankan. Ó gbé e sókè wò. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ̀, wọ́n tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tí oorun ti gbé lọ, ìdí ayùn náà sì wọlẹ̀ lu àpótí: gbì.

Ìyèbíyè nìkan ló rí i. Ó ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ dí ojú àwọn tó kù.

Amos ò gbójú sókè.

"Daddy Jéssíkà," Ìyèbíyè sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "nígbà tí ẹ wà ní Belvedere, ta ló máa ń gé igi, ta ló máa ń wo igi?"

"Ọmọdé ló máa ń gé. Ọ̀gá ló máa ń wo igi." Lẹ́yìn náà ló wo ojú rẹ̀. "Ìyèbíyè, o fẹ́ fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mi ò fi ọgbọ́n gbà á. Mo ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín ni."

"Máa gé e nígbà náà," Amos ní, ohùn rẹ̀ sì gbẹ. Ó fà á lé e lọ́wọ́, ó lọ jókòó sórí àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì kọ̀yìn sí wọn.

Ó dun Ìyèbíyè, àmọ́ iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́. Ó wọ ṣòkòtò gígé igi ti Amos, èyí tí wọ́n fi òwú líle sínú rẹ̀ kó lè dá ṣéènì dúró bó bá kan itan. Ó fi ìborùn di ìdí rẹ̀ pinpin, ó so épírọ́ọ̀nù kékeré lápòlápò rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wọ bàtà, ibọ̀wọ́, akoto, ìbotí àti awò tó bo ojú tán.

"Mummy!" Ṣùpọ̀ kígbe. "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ sopúránò ní kọ́áyà?"

"Kóo tó mọ̀, màá kọ ọ́ fún igi yìí."

Ó tú wáyà ẹkisitẹ́nṣọ̀n nílẹ̀ tán pátápátá, torí pé wáyà tó bá ká jọ máa ń gbóná. Ó tẹ bọ́tìnnì ohun kékeré tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí wáyà bá ya, ó já, ó dá a padà. Ó wo ojú gíláàsì kékeré tó wà lára ayùn: epo wà níbẹ̀. Ó fa ṣéènì wò pẹ̀lú ibọ̀wọ́, ó le bó ṣe yẹ. Ó ki púlọ́ọ̀gì ayùn bọ ẹkisitẹ́nṣọ̀n, ó gbé wáyà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kó má bàa wà ní ibi tí ayùn ń lọ. Ó dúró wámúwámú, ó ya ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí orí rẹ̀ má wà ní ọ̀kánkán ṣéènì, ó fi àtàǹpàkò òsì yí ọwọ́ iwájú po, ó tẹ̀ ẹ́.

Ayùn náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka kékeré àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó gé èkejì. Àwọn bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, Ìyèbíyè sì ń lọ láti ìta wọnú, kò kánjú, kò jẹ́ kí ṣóńṣó ayùn kan ohunkóhun, torí pé ibẹ̀ ló máa ń gbà ta padà sójú èèyàn. Ó ń gbádùn ara rẹ̀ gan-an ni.

Amos ò wò ó. Àmọ́ etí rẹ̀ ò kọ̀yìn.

"Pa á!"

Ìyèbíyè ò gbọ́ nínú ìbotí. Amos ti dìde, ó ti wà níwájú rẹ̀ lókèèrè níbi tí ó ti lè rí i, ó na ọwọ́ òsì sókè gbọnrangandan. Ìyèbíyè rí i, ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ṣéènì dúró, ó ti bíréèkì síwájú.

"Kí ló dé?"

"Ó ń ké. O ò gbọ́? Ṣéènì tó mu epo máa ń hùn ni, kì í ké. Ó ń rùn bí ìkòkò tó jóná pẹ̀lú. Yọ púlọ́ọ̀gì."

Jéssíkà yọ ẹkisitẹ́nṣọ̀n lára ògiri, Ìyèbíyè yọ púlọ́ọ̀gì ayùn kúrò lára ẹkisitẹ́nṣọ̀n. Ó fà á mọ́ra pẹ̀lú wáyà gígùn rẹ̀, ó sì tì í bọ àpò épírọ́ọ̀nù. Òfin Amos nìyẹn. Láti Belvedere ló ti gbé e bọ̀, kò sì gba àwíjàre lórí rẹ̀: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ kan ṣéènì, kí púlọ́ọ̀gì wà lápò òun fúnra rẹ̀. Kó má wà nílẹ̀, kó má wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun ti pa iná rẹ̀ lára ògiri. Ìyèbíyè ti ń ṣe é tipẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í bi í léèrè mọ́.

"Epo wà níbẹ̀, mo wò ó," ó ní.

"Ṣé o ti gbé ṣóńṣó rẹ̀ sójú páálí, kó o sì tẹ̀ ẹ́, kí o rí i bóyá epo ń ta sójú páálí, kó o tó bẹ̀rẹ̀?"

Ìyèbíyè ya ẹnu. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń ṣe é nínú ọgbà. "Ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ ló gbé e lọ lórí mi."

"Èmi náà gbàgbé," Amos ní. "Inú tó ń bí mi ni."

Wọ́n gbé ayùn náà sórí tábìlì tí wọ́n máa ń pín jọ́lọ́ọ̀fù lé. Amos ṣí ojú ihò epo, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ohun tó bá ìka rẹ̀ jáde pọ́n résúrésú, ó ń fà bí oyin tó ti pẹ́. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó tún gbọ́ ọ. "Epo ayùn kọ́ nìyí. Kí lèyí?"

Ìyèbíyè gbọ́ òórùn náà. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, iwájú orí gbogbo wọn ló ti gbé e rí. Ó yíjú sí Ṣùpọ̀.

Ṣùpọ̀ ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣùpọ̀," Amos ní.

"Daddy, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́síbítù ni. A wá gbàdúrà nílé yín. A gbàdúrà sórí àga yín, sórí bàtà yín, sórí àwọn irinṣẹ́ yín. Mo wá rí i tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sára ibì kan lára ayùn yẹn. Mo ní, áà, ibí ni wọ́n ń ta òróró sí. Mo ní kí ayùn náà mu òróró ìyàsímímọ́, kó lè máa dúró de ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀."

"O rọ òróró ólífì sínú ayùn mi."

"Nínú ìgbàgbọ́, sà."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Mo rọ ọ́ títí ó fi kún, Daddy. Mo ò fẹ́ ṣahun."

Amos wo Ìyèbíyè. "Níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀," Ìyèbíyè ní. "Èmi ni mo ń ṣe àmín."

Jéssíkà ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Òróró oúnjẹ tó bá ti gbé inú ayùn fún oṣù gbọọrọ bẹ́ẹ̀, yóò dì ni," Amos ní. "Ó ti dí ọ̀nà epo pa. Ó wà nínú rẹ̀ o, ẹ ń rí i lójú gíláàsì, kò sì lè jáde. Ṣéènì wá ń sáré ní gbígbẹ." Ó mi orí. "Ṣùpọ̀, ọwọ́ mi lò bá rọ ọ́ sí."

"A rọ sí ọwọ́ yín náà, Daddy. Ẹ ń sùn lọ́jọ́ yẹn ni."

Amos gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ó ká ìka rẹ̀ díẹ̀, ó tú wọn. Ó tún ká wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nígbà kan, kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. "Ó dáa," ó ní. "Èyí tí ẹ rọ sọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Èyí tí ẹ rọ sínú ayùn ló dì."

Ẹ̀rín bú jáde. Jéssíkà tiẹ̀ fi orí lé tábìlì. Ṣùpọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ṣì ń tì í, ó ń wá ohun tí òun lè fi ara ṣe.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Amos jókòó sápá kan tábìlì, Ìyèbíyè dúró sápá kejì. Wọ́n dúró kí irin náà tutù. Ìyèbíyè tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ayùn, ó yọ ṣéènì, ó yọ irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń sá yí po. Ìyẹ̀fun igi àti òróró ti lẹ̀ pọ̀ sínú ihò tóóró tó wà létí irin náà bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò.

"Mo ń fẹ́ ohun tóóró," ó ní.

Jéssíkà wá inú báàgì rẹ̀, ó fa kóòmù onírù irin tí wọ́n fi ń la irun jáde. "Mummy, ó wọ́n o, má ba…"

"Kí ni?"

"Ẹ má bà á jẹ́."

Ìyèbíyè fi ìrù kóòmù náà ha ihò tóóró láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ wọnú ojú epo kékeré ìdí irin, nǹkan pupa kan bọ́ jáde ṣíṣù bí imú ọmọdé. Amos ní kó da òróró tó kù nù, kó fi àkísà nu inú ibẹ̀, kó rọ ojúlówó epo ayùn díẹ̀ sí i, kó mì í, kó tún dà á nù. Ìgò epo náà wà nínú àpótí. Amos kì í gbé ayùn lọ níbì kankan láìsí i. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, gbígbẹ inú ohùn rẹ̀ ti lọ. Ó ń fi ìka han Ìyèbíyè ibi tó kù, Ìyèbíyè ń ha á, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn bíi ti ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹnu eyín ṣéènì ńkọ́? Lókè, ibo ló ń kọjú sí?"

"Ṣóńṣó ni. Ṣé ọmọdé ni mí?"

"Mò ń béèrè ni. Mo ti rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wọ̀ ọ́ sódì."

Ìyèbíyè ti gbé ṣéènì padà sórí irin. Ó ń fi ìka òsì tì í mọ́ jágíjágí ìdí rẹ̀ tó ń yí i, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì fún ọwọ́ ẹ̀yìn mú dáadáa kó má yọ̀, ní ibi gan-an tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe rí nìyẹn nígbà tí ohùn Ṣùpọ̀ dún láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ti rí iṣẹ́ ṣe níkẹyìn:

"Mummy, mo ti tan iná fún yín o! Mo ti ki gbogbo ẹ̀ bọ ara wọn!"

Jéssíkà figbe ta. Amos dìde tó fi gbá àga ṣubú, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ayùn náà, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tó dá ṣáṣá.

Ṣéènì ò mira.

Ìyèbíyè ò tiẹ̀ gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó fi ìgbáròkó lu tábìlì jẹ́jẹ́, ohun líle kan sì dún nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀: kó, kó.

"Kí lo ki bọ ara wọn, Ṣùpọ̀? Ẹkisitẹ́nṣọ̀n àti ògiri? Ti ayùn wà níbí."

Ṣùpọ̀ ti di igi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpò yẹn, ó wo ìka Ìyèbíyè láàárín eyín ṣéènì, òógùn bọ́ sí i lójú. "Yéè. Mummy. Mo rò pé ẹ ti parí ni."

"Lọ pa á," Amos ní. Kò pariwo. "Lẹ́yìn náà, wá jókòó síbí, kí o kó ọwọ́ ẹ sábẹ́ ìdí."

Ṣùpọ̀ lọ, ó pa á, ó bọ̀, ó sì kó ọwọ́ sábẹ́ ìdí lóòótọ́.

Amos gbé àga rẹ̀ nílẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹ pé kóo fi sápò," ó ní.

"Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ sọ ọ́?"

"Rárá." Ó tún wò ó, bó ṣe máa ń wo ojú ibi tí èèyàn bá gé bóyá ó tẹ́jú. "Rárá o. Kì í ṣe dandan mọ́." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti àpótí ayùn, ó tì í láti ẹ̀gbẹ́ àga tirẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Ìyèbíyè. "Mú un. Tìrẹ ni."

Ìyèbíyè ò dúpẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò di ìsìnkú. Ó ní, "Ẹ wo ṣéènì yìí fún mi, ṣé kò le jù?"

Amos fi ọwọ́ òsì fa ṣéènì sókè lábẹ́ irin. Ó yọ díẹ̀, ó tún padà, pá. "Ó dára. Pè mí bó bá gbóná, yóò dẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbé páálí sílẹ̀. Ìyèbíyè tan iná ògiri padà, ó ki púlọ́ọ̀gì bọ ẹkisitẹ́nṣọ̀n, ó kọ ṣóńṣó ayùn sí páálí náà láìfi kàn án, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà epo tín-ín-rín kan fò sójú páálí, ó ń dán.

"Áàmín!" Ṣùpọ̀ kígbe.

"O ò gbọdọ̀ ṣe àmín sí ayùn mi mọ́," Ìyèbíyè ní.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ń sáré bí omi. Amos dúró síbi tí Ìyèbíyè ti lè rí i, ọ̀pá lábẹ́ apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì fún àmì. Ọwọ́ sókè, kó dúró. Ọwọ́ sísàlẹ̀, kó gé láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀ka tó tẹ̀ sábẹ́ igi bí ọrun, ó ní kó pa ayùn, kó wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ọ̀pá hàn án.

"Wo ikùn rẹ̀, ibi tó ti fún pọ̀. Kọ́kọ́ bù ú jẹ díẹ̀ níbẹ̀, díẹ̀ ni o, kó má bàa di ayùn mú. Lẹ́yìn náà kó o wá já a ní ẹ̀yìn, ibi tó ti nà. Ọ̀hún ni yóò ta sí. Má dúró ní ọ̀hún."

Ìyèbíyè bù ú jẹ níkùn. Ó yí ipò padà, ó já a lẹ́yìn. Ẹ̀ka náà ta pàù, ó gbá afẹ́fẹ́ gan-an níbi tí Amos ní yóò gbá, ìtì igi náà sì jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, bí arúgbó tó ti rí àga. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò pàtẹ́wọ́. Àwọn bùrọ̀dá ń kó ẹ̀ka, Jéssíkà ń gbálẹ̀, ó ń pariwo pé ìyẹ̀fun igi ti kún inú irun òun, kóòmù òun sì ti ń rùn bí epo ayùn.

Ọ̀sán ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà mọ́ tónítóní. Nígbà tí wọ́n ń lọ sídìí mọ́tò, ìyá àgbà kan tí wọ́n ti gbé wá wo bí nǹkan ṣe rí ké sí wọn látorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Jéssíkà! Ẹ̀yin lẹ gé e?"

Amos dúró. "Ìyàwó mi ló gé e," Amos ní, ó sì na ara rẹ̀ gbọọrọ. "Èmi ni ọ̀gá tó wo igi."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Ìyèbíyè sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó bá àga ìdí fèrèsé lófìfo. Bàtà iṣẹ́ ò sí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fò. Ó sáré dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ nínú ọgbà, ohùn Belvedere, tó ń rọ̀jò lé ẹnìkan lórí. Ṣùpọ̀ ló dúró níwájú rẹ̀, ó wọ bàtà iṣẹ́ tuntun tó tóbi jù fún un, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ irin ayùn.

"Dúró. Níbo ni púlọ́ọ̀gì wà?"

"Ó wà lápò mi, Daddy."

"Gbá a kí n gbọ́."

Ṣùpọ̀ gbá àpò rẹ̀. Kó, kó.

"Ta ló yá ẹ ní ayùn náà?"

"Mummy ni, sà."

"Ó dáa. Máa fọ̀ ọ́ lọ. Bí Mummy bá bọ̀ tó bá ìyẹ̀fun kankan nínú rẹ̀, mi ò ní gbà ẹ́ sílẹ̀."

Ìyèbíyè rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ gbé omi tíì kaná fún èèyàn mẹ́ta.